Àti Ìyàwó Rẹ̀

A jáde lọ láàárọ̀, a parí ohun tí a bá lọ, a sì tètè padà. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi ni ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ní ìgbèríko Kansas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, níwájú òkúta ìrántí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí àdúgbò náà. Wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin ní kíkún, wọ́n wá fi “àti ìyàwó rẹ̀” tì í. Obìnrin náà ní, “Ṣé ìyàwó kò lórúkọ ni?” Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́kọ́ dá òfin lẹ́bi. Òfin ọdún 1862, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pín ilẹ̀, fún olórí ìdílé ní 160 éékà, bí ó bá gbé orí rẹ̀ fún ọdún 5 tí ó sì dá oko síbẹ̀. Opó àti obìnrin tí kò lọ́kọ lè gbà á, ṣùgbọ́n ní ti abilékọ, orúkọ ọkọ ló sábà máa ń wọ̀wé. Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? Ìyá Lágbájá ni, ọ̀wọ̀ sì ni. Ọ̀wọ̀ ni o, ṣùgbọ́n a ṣì ń ki wọ́n ní oríkì; òkúta kì í ki ènìyàn.

Willianna Hickman, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó lọ tẹ̀dó nígbà náà, wá sọ sí mi lọ́kàn. Ní 1878, ó dé Nicodemus, ìlú tí àwọn adúláwọ̀ láti Kentucky tẹ̀dó ní Kansas kan náà ní 1877. Ó béèrè ibi tí ìlú wà, ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń rú jáde láti inú ilẹ̀, nítorí inú ihò ni wọ́n ń gbé. Ó bú sẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ni mo ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀.

Àfi bí mo ṣe rántí pé ìkànìyàn ọdún 1880 kọ orúkọ gbogbo ará ilé, ìyàwó àti ọmọ. Orúkọ obìnrin orí òkúta yẹn lè wà níbẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ẹ ni kò wá a. Kí ni mo ń dá òfin lẹ́bi sí?

Ti àwọn Kansa, ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tún wá burú jù. Orúkọ wọn ni ìpínlẹ̀ náà ń jẹ́, ní 1873 ìjọba kó wọn lọ sí ilẹ̀ tó padà di Oklahoma, lórí òkúta yẹn, “àti” lásán kò kàn wọ́n.