Bọ́ọ̀dù kẹta: àlàfo 0.2 mm ti là

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́

Bọ́ọ̀dù kejì (pátákó onílà bàbà tí a máa ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ iná sí) ti bàjẹ́. Àwọn ìlà bàbà tó yẹ kó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, pàápàá nídìí ẹsẹ̀ IC (ẹ̀yà iná kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀), níbi tí àlàfo àárín wọn kò ti ju 0.2 mm lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ferric chloride, oògùn tó ń jẹ bàbà, ni kò jẹ ẹ́ tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ọ̀rá tí mo tẹ àwòrán sí wò sí iná ni mo rí i pé ojú tí yíǹkì wà ni mo kọ sókè. Ọ̀rá náà nípọn tó 0.1 mm, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ abẹ́ yíǹkì. Dry film ni mo ń lò, fíìmù tí a máa ń lẹ̀ mọ́ bàbà kí oògùn má baà jẹ ẹ́: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn á le, á sì dúró, ibi tí kò kàn á ṣí kúrò nínú omi ìfọ̀. Èyí tó yẹ kó ṣí ló le yẹn, bàbà abẹ́ rẹ̀ ò sì jẹ.

Mo ti tún un tẹ̀, mo yí àwòrán padà bí ìgbà tí èèyàn wò ó nínú dígí, kí yíǹkì lè fara kan fíìmù gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mi ò ṣe bọ́ọ̀dù kankan lónìí. Iye àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ UV (irú ìmọ́lẹ̀ tó ń mú fíìmù náà le) yẹ kó lò ni mo ń wá. Mo gé bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo lẹ fíìmù mọ́ ọn, mo fi páálí bò ó, mo sì ń sún páálí náà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 30, 30, títí dé 180. Àwọ̀ aró fíìmù náà fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí àsìkò ti ń pọ̀ ló ń ṣú. Ó dùn ún wò púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ká ọ̀rá òkè fíìmù kúrò (bí èèyàn bá gbàgbé èyí, omi ò ní rí fíìmù kankan fọ̀), mo po 10 g sodium carbonate mọ́ lítà omi kan, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rà á. Ti 30 ṣí pátá. Ti 60 dúró, àmọ́ etí rẹ̀ ń gbé sókè. Ti 90 mọ́ roro. Láti 150 lọ, àlàfo ti dí. 90 ni tèmi, pẹ̀lú iná tèmi. Ẹni tí iná rẹ̀ bá yàtọ̀ ní láti wá tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Bọ́ọ̀dù gan-an rèé. Mo fi gíláàsì tẹ ọ̀rá mọ́ ọn, ìṣẹ́jú àáyá 90, mo fọ̀ ọ́, mo sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ sínú ferric chloride kí ìdọ̀tí má baà jókòó lé e. Mo gbé abọ́ ike náà sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dídán bàbà kọ́kọ́ lọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀yìn náà ni etí bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó ń jẹ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí àárín. Ìṣẹ́jú 14 péré, gbogbo rẹ̀ ti tán.

Mo da ferric chloride náà padà sínú kẹ́ẹ̀gì ike. Kò gbọdọ̀ dé ojú gọ́tà: bàbà tó ti yòrò sínú rẹ̀ ń pa ẹja.

Mo gbé mítà lé ẹsẹ̀ IC lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dún níbì kankan, ìyẹn ni pé kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ra. Eruku kan ló dí ìmọ́lẹ̀ lójú ìlà kan, ó sì gé e; mo ti fi lẹ́ẹ̀dì so ó padà. Ihò 42 ló kù láti lu, bíìtì 0.8 mm, pẹ̀lú ìbomú, nítorí gíláàsì wà nínú eruku bọ́ọ̀dù yìí.