Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní ó ti kú

Láàárọ̀ yìí, ní Kàbà níbí, mo tan láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó mi tí wọ́n ní kí n tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, ni mo fi sí i lálẹ́ àná. Àbúrò mi ló gbé e wá lórí fíláàṣì láti Lọ́kọ́ja, n kò san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tàn! Mo ṣí LibreOffice, ètò tí a fi ń kọ̀wé, mo tẹ orúkọ màmá mi tàmì-tàmì, ó jáde ketekete. Iná ti lọ, bátìrì ń tán lọ, síbẹ̀ n kò lè dìde níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo yí padà. Lọ́dún tó kọjá, ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tì mí síta láìsọ ìdí. Àwòrán ìsìnkú bàbá mi bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Mastodon ni mo wà báyìí, ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ mìíràn tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016. Kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojú òpó wọn dúró, àwọn sáfà náà sì ń bára wọn sọ̀rọ̀, bí Kàbà àti Mọ̀pà ṣe ní ọba tiwọn tí a sì jọ ń ná ọjà.

Ẹ̀yin ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ṣé ẹnì kan ti dán Linux Mint wò lórí láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó? Ṣé tiyín náà tàn?