Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ àtijọ́ tí mò ń lò

Lónìí ni mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, ìyẹn rọ́bà tó ń yí búrọ́ọ̀ṣì, lára ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ àtijọ́ tí màmá onílé wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún mi. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ṣí irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, mo fi rọ́bà tuntun kọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ó parí. N kò pe oníṣẹ́ kankan. Bí mo ṣe tàn án, ó bú ramúramù bíi kìnnìún! Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ń lu kápẹ́ẹ̀tì gbà-gbà-gbà, iyanrìn tó ti wọlé sí i lára sì ń jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ó wúwo o! Ẹ má gbé e gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Inú fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ gan-an ni ìdọ̀tí ń gbà kó tó dé àpò aṣọ, bó bá gbé owó ẹyọ, apá fáànù lè kán. Eruku lẹ́búlẹ́bú sì ń yọ lára àpò náà. Bẹ́ẹ̀ eruku ló mú James Murray Spangler, agbálẹ̀ tí ikọ́ fée ń bá jà ní Canton, Ohio, ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1908. Fèrèsé ni mo máa ń ṣí sílẹ̀ tí mo bá ń lò ó.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àpò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.