Etí àmì ẹ̀yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àmì ẹ̀yẹ ológun àtijọ́ jọ, ẹ má jẹ́ kí orí ọba tó wà lójú rẹ̀ gbà yín lọ́kàn. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka etí rẹ̀. Láti ìgbà àmì ẹ̀yẹ ogun Waterloo, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ní 1816, ni wọ́n ti ń tẹ orúkọ ẹni tó gbà á síbẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an là ń rà.

Ẹ wo British War Medal ti Ogun Àgbáyé Kìíní. Èyí tí wọ́n pín lé ní mílíọ̀nù 6, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí orúkọ etí rẹ̀ bá jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 19,000 tó kú lọ́jọ́ kìíní ogun Somme, 1 Oṣù Keje 1916, owó rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Àwọn oníjìbìtì náà mọ èyí. Wọn a ha orúkọ ti tẹ́lẹ̀ dànù, wọn a fín orúkọ irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 36 ló yẹ kó fẹ̀, èyí tí wọ́n bá ti ha kì í pé. Lẹ́tà tí ìjọba tẹ̀ a máa rì wọnú fàdákà, ti ẹni tó fi ọwọ́ fín in a máa fi ojú irinṣẹ́ hàn. Síbẹ̀, ẹ má yára pariwo ayédèrú o. Ní ọ̀rúndún 19, ìjọba fúnra rẹ̀ fín orúkọ sórí òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú ìwé. Ẹ̀dà káàdì àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ogun yìí wà ní National Archives, ilé ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní WO 372. Orúkọ, nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ẹni tó ń tà á bá ní akọni ni ẹni yẹn, tó gba Military Medal, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Ogun Àgbáyé Kejì le jù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára 1939–45 Star, àmì ẹ̀yẹ onírísí ìràwọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè rà á lọ́tọ̀, kó so ó mọ́ ti ẹlòmíì. Bí kò bá sí ìwé, owó ìràwọ̀ lásán ni mo máa ń san.

Iron Cross, àmì ẹ̀yẹ alágbèélébùú ti Jámánì, tí ọba Prussia dá sílẹ̀ ní 1813, kì í ní orúkọ. Irin ni àárín rẹ̀, fàdákà ló yí i ká. Òòfà máa ń fà á, àfi àwọn ojúlówó kan tí àárín wọn kì í ṣe irin. Ibi tí fàdákà ti so mọ́ àárín ni kí ẹ tẹ ojú mọ́. Ayédèrú tí wọ́n dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní oríkèé kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì rà á tán, ẹ má fi nǹkan kan dán an. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá PVC, nítorí kẹ́míkà tó ń jáde lára rẹ̀ a máa jẹ idẹ.