Màámi ní mo ti di agbépóò l'Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́ Màámi á bá mi sọ ọ́, tiwọn sì máa ń gùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Houston là ń gbé. Nígbà tí kòrónà ò jẹ́ ká lè wọkọ̀ òfuurufú lọ síbì kankan mọ́, èmi àtìyàwó mi pawọ́ pọ̀ ra RV àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí píkọ̀ọ̀pù fà kiri (n'ílé à bá ní tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ibi tí tòkúnbọ̀ ti ń wá gan-an la wà, mi ò wá mọ ohun tí ǹ bá pè é). Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, kíṣìnnì wà, ibi ìwẹ̀ wà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà. Nígbà tí ọ̀nà là tí Màámi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n wọ inú ẹ̀, wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò, wọ́n ní "ilé onítáyà rèé o", orúkọ tó sì ń jẹ́ nìyẹn títí dòní.

Gbogbo wa kó lọ sí Galveston, létí òkun, a lo ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin a ń palẹ̀ mọ́, èmi náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pé kí n lọ da táǹkì tó ń gba ìgbẹ́ ká máa lọ. Kánfáàsì funfun ni mo wọ̀. Glọ́ọ̀fù wà nínú bọ́ọ̀tù píkọ̀ọ̀pù, mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, kí n ṣáà ṣe é kíá. Mo di ìdérí páìpù mú, mo yí i, mi ò tíì yí i dé ìdajì tí mo gbọ́ gbuàà! Ohun tó wà lẹ́yìn ìdérí yẹn já lé mi lẹ́sẹ̀, ó wọ bàtà, ó wọ sọ́ọ̀sì, ó tún ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò. Mo pariwo. Àwọn ìbejì sáré jáde, wọ́n fọwọ́ dímú, wọ́n tún sáré padà. Màámi tí wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n ń mu tíì lọ́ọ̀ọ́kán ò pariwo ní tiwọn, wọ́n kàn gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé torí èyí la ṣe ta ilẹ̀ bàbá ẹ, pé kó o wá di agbépóò l'Amẹ́ríkà?"

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nígbà tí omi ti ń fa ìgbẹ́ lọ fúnra ẹ̀ lè má mọ agbépóò. Kí ṣaláńgá àti sọkawéè tó gba gbogbo àdúgbò, póò ló wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń jókòó sí, ọkùnrin kan á wá lóru, á fi aṣọ bojú, á gbé e rù, á gbé póò òfìfo síbẹ̀. Kò sọ́mọ tó gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí wọ́n ní tó o bá bú u, iwájú ilé yín ló máa dà á sí. Màámi mọ àsìkò yẹn dáadáa. Kí wọ́n wá fò kọjá òkun, kí wọ́n wá bá ọmọ wọn tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé póò, tó tún ń wakọ̀ fà á lọ ní máìlì 60 ní wákàtí kan, ẹ̀rín ọ̀hún ò tíì tán lẹ́nu wọn.

Bàbá òyìnbó kan tí ọkọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbà mí. Wọn ò bínú sí mi pé ó ṣàn lọ sọ́dọ̀ wọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé jáde, wọ́n bá mi fi omi púpọ̀ sin gbogbo ẹ̀ wọnú ihò ilẹ̀ tí wọ́n ń da táǹkì sí, wọ́n wá bi mí pé ṣé mo rò pé fáàfù, ìyẹn ohun tó ń dí ẹnu táǹkì, pa. Mo ní ó pa kẹ̀, ẹ wò ó, ọwọ́ ẹ̀ wọlé dé ìdí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Táǹkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ RV. Ti omi mímu ò kàn wá. Èkejì ń gba omi ọṣẹ, omi tí a fi fọ abọ́ àtèyí tí a fi wẹ̀, grey ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kẹta ni black, ìyẹn ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tiwa gba gálọ̀nù 40, ẹ kà á sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà, tó bá kún dẹ́nu ìwúwo ẹ̀ á tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta, gbogbo ìwúwo yẹn ló sì dúró sẹ́yìn fáàfù kan ṣoṣo. Páìpù ti ìgbẹ́ fẹ̀ tó ínṣì 3, ti omi ọṣẹ ínṣì kan ààbọ̀, àwọn méjèèjì pàdé ní ẹnu kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹnu yẹn ni ìdérí wà. Fáàfù ọ̀hún fúnra ẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ike pẹlẹbẹ kan ni, ó ń wọlé ó ń jáde nínú kòtò tóóró láàárín rọ́bà méjì. Tí tíṣù bá há sínú kòtò yẹn, kódà kó jẹ́ díẹ̀ báyìí, ike yẹn ò ní wọlé tán. Lójú yín ó ti pa. Ṣùgbọ́n ààyè tó kù níbẹ̀, bó ṣe nípọn tó ewé ni o, ó ti tó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń jò tó, tó, tó, tó ń kó jọ sẹ́yìn ìdérí títí páìpù fi kún, èmi ni mo wá lọ ṣí i pẹ̀lú kánfáàsì funfun.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún, họ́ọ̀sì tó ń gbé ìgbẹ́ láti ọkọ̀ lọ sínú ihò ni wọ́n máa ń bú. Họ́ọ̀sì burúkú wà lóòótọ́, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbà tí kinní yìí ti dà lé mi tàbí tó ti fẹ́ dà lé mi, họ́ọ̀sì ò tíì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yìn ìdérí ni gbogbo ẹ̀ wà. Látọjọ́ yẹn mi ò gba fáàfù gbọ́ mọ́, tí mo bá ti dúró síwájú ìdérí, lọ́kàn mi páìpù ti kún, kó kún o kó má kún o, bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré á ti wà lábẹ́ ẹ̀, glọ́ọ̀fù á ti wà lọ́wọ́ mi, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò ní dojú kọ ọ́, màá wá tú ìdérí yẹn díẹ̀ kí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ kàn lanu, kí n wo ohun tó máa ṣe. Tó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì, kò burú. Tó bá ń dà, kó máa dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà.

Bàbá yẹn fi nǹkan kan hàn mí tó jẹ́ pé owó ẹ̀ ò ju nǹkan bíi $25 lọ, mo sì ń bínú sí ara mi pé mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Fáàfù kejì ni, ike náà ni, ẹnu tí ìdérí máa ń wà lẹ èèyàn máa yí i sí, kò nílò gọ́ọ̀mù, kò nílò pé ẹ gé páìpù, ìdérí á wá wà lórí òun. Tí fáàfù àkọ́kọ́ bá jò, ìkejì á dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da táǹkì, ẹ ó ṣí ìdérí nígbà tí ìkejì ṣì wà ní pípa, ẹ ó so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó wá ṣí i, ohun tó bá ti kó jọ á gba inú họ́ọ̀sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní mo ní in lọ́jọ́ yẹn, Màámi ò bá rí ìtàn kó lọ sílé.

Ó tún ku ìgbọ̀nwọ́ ike kan tí èèyàn ń rí inú ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀, ìyàwó mi ò lè wò ó. Àárín ẹnu páìpù àti họ́ọ̀sì ló máa ń wà, òun ló ń jẹ́ kí ẹ rí i bóyá ohun tó ń jáde ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́. Láìsí i, ẹ̀ ń méfò ni.

Ó yá, họ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ fún wa nígbà tí a rà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù, oòrùn Texas sì ti jẹ ẹ́, ihò abẹ́rẹ́ ti wà lára ẹ̀ láìmọye, ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀kan tí mo ní họ́ọ̀sì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ ra èyí tó nípọn, ẹ ra èyí tó gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí èyí tí ẹ bá ń na tipátipá kó tó dé ihò ló máa já kúrò lẹ́nu ihò nígbà tí nǹkan bá ń lọ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú ihò, kẹ́ ẹ gbé òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù lé e. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹnu yẹn ní ìkọ́ tó máa ń mú àwọn kókó tó yọ jáde lára páìpù, ẹ yí i títí tó fi há, kẹ́ ẹ wá fà á wò, ẹ fà á gidi, bí ẹni tó ń fa ọmọ kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ìkọ́ kan ló mú, tí ìkejì ò mú, ó máa dúró dáadáa títí omi á fi dé. Ẹ tún wo wáṣà inú ẹ̀, rọ́bà róbótó yẹn, bó ṣì wà. Ó máa ń yọ bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ti ìgbẹ́, màá ṣí ti omi ọṣẹ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, màá pa á padà. Tí nǹkan bá máa jò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ omi abọ́ ló kọ́kọ́ jò. Màá rìn tẹ̀lé họ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ bá gbẹ, ó kù sí ọwọ́ black. Ìyẹn ẹ má ṣe é ní ìdajì, ẹ fa ọwọ́ fáàfù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè tì gbogbo ẹ̀ lọ pẹ̀lú agbára. Tó bá ti dákẹ́, mo máa ń ní kí Kẹ́hìndé da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì látinú ilé, èmi á máa wo ìgbọ̀nwọ́ ike, bí omi yẹn ṣe ń kọjá ni mo ń ti fáàfù wọlé fà á jáde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí omi lè gbá inú kòtò tóóró yẹn mọ́ kó tó pa. Ìyẹn gan-an ló ń lé tíṣù jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi ọṣẹ á wá gbẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀, kó fi ọṣẹ ara ẹ̀ fọ họ́ọ̀sì fún wa.

Àwọn RV kan ní ẹnu tí wọ́n ń so họ́ọ̀sì omi mọ́ láti fọ inú táǹkì. Ó dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, ẹ má pa fáàfù kẹ́ ẹ fi omi yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ máa dáhùn fóònù o. Omi kì í mọ̀gbà tí táǹkì kún, tó bá kún tán òkè ló ń wá, ẹnu tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló sì máa bá jáde, sínú ilé onítáyà yín. Ẹ má sì lo họ́ọ̀sì omi mímu fún un, láé.

Ìparí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́, torí wọ́n rò pé ó ti tán. Pa fáàfù méjèèjì, pa ìkẹta tó bá wà, tú họ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nìkan, kó o gbé ẹnu ẹ̀ sókè kíá, kó o máa gbé e lé apá rìn lọ sí ìhà ihò kí ohun tó kù nínú ẹ̀ lè ṣàn lọ, kó o fi omi sin inú ẹ̀, ẹnu tó wà nínú ihò ló máa jáde gbẹ̀yìn. Mo ti rí ọkùnrin kan tó fà á yọ nínú ihò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ n sọ ìyókù, ẹlòmíì ń jẹun lọ́wọ́.

Ohun méjì tó ń kó tíṣù lọ síbi fáàfù, inú ilé ni wọ́n ti ń wá. Wáìpù ọmọ, kódà èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ẹ lè dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kì í yòrò, nílé wa inú ike ìdalẹ̀ ló ń lọ. Tíṣù náà, ẹ ju ẹyọ kan sínú ìgò omi kẹ́ ẹ mì í, tí kò bá já sí wẹ́wẹ́, kì í ṣe ti RV. Èkejì ni omi: tẹ́ ẹ bá débi tí ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ má ṣí fáàfù black sílẹ̀ gbayawu pé kó máa lọ fúnra ẹ̀. Omi nìkan ló máa lọ, ìyókù á dúró síbẹ̀, á máa ga bí òkìtì ọ̀gán. Ẹ pa á, ó kéré tán kó kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dà á, kẹ́ ẹ sì da omi díẹ̀ padà sínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dà á tán. Iná kékeré tó ń sọ fún yín pé táǹkì ti kún máa ń parọ́, torí tíṣù máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ohun tó ń wọ̀n ọ́n nínú táǹkì, tiwa ti ń sọ pé ó kún láti ọdún tó kọjá.

Tó bá ṣì ń jò lẹ́yìn gbogbo èyí, rọ́bà méjèèjì inú fáàfù ló ti jẹ tán. Bóòtù mẹ́rin ló dì í mú, a pààrọ̀ tiwa nínú ọgbà ilé lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti da táǹkì tí a sì fọ̀ ọ́ tó ọ̀nà mẹ́ta. Kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni kí èèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ páìpù yẹn kó sì yanu.

Inú bọ́ǹpà ẹ̀yìn ni họ́ọ̀sì wa ń gbé, ihò inú ẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ RV nìyẹn, màá ti fi ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì kọ́ ara wọn kí èyí tó kù má baà máa kán sójú títì. Ìdérí bọ́ǹpà ọ̀hún ló wá já bọ́ lójú títì I-45 lọ́sẹ̀ tó kọjá, téèpù ni mo fi dí i báyìí, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyọ kan, kó bá mi sọ̀rọ̀.