Ojú tó ń rí ooru kì í mọ ẹni tó ń wò

Kámẹ́rà tó ń rí ooru ni irinṣẹ́ mi. Òun ni mo fi ń yẹ wáyà iná mànàmáná wò, kí n lè rí ibi tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kó tó gbiná. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ mi sí ojú tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàálù ogun, ìyẹn kámẹ́rà ooru àti lésà tí wọ́n fi ń darí bọ́ǹbù, ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Gbé kámẹ́rà yìí kọjú sí dígí fèrèsé: òjìji ara rẹ ni wàá rí níbẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn dígí kò ní hàn. Ìtànṣán infrared, ìyẹn ìtànṣán ooru tí ojú wa kì í rí, tí ara wa àti ẹ́ńjìnnì ń tú jáde kì í sábà gba inú dígí kọjá. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì rẹ̀ fi máa ń jẹ́ germanium, ohun kan tó rí bí irin lójú wa àmọ́ tí ìtànṣán yìí ń gbà kọjá. Sapphire, òkúta iyebíye kan, ni wọ́n fi bo ti F-35, bàálù ogun Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀ ti bàálù, èyí tó ń gba àwòrán gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bíi -196°C, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò bo ti ohun tó ń wò mọ́lẹ̀.

Bí kámẹ́rà bá ti rí ibi tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ǹbù sí, lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tóóró kan, ló wá ń tọ́ka sí i. Ojú wa kì í rí i, síbẹ̀ ó lè fọ́ni lójú. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní imú bọ́ǹbù pín sí mẹ́rin. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ibi tí wọ́n tọ́ka sí bá pọ̀ jù sí apá kan, bọ́ǹbù á yí ìyẹ́ rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi dọ́gba. Lésà náà ń ṣẹ́jú ní iye tí wọ́n ti fi sínú bọ́ǹbù, kó má bàa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ bàálù mìíràn.

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Láti 1965 ni Amẹ́ríkà ti ń ju bọ́ǹbù sí afárá Thanh Hóa ní Vietnam, tí ọ̀pọ̀ bàálù sì já bọ́ níbẹ̀, afárá kò wó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1972, bọ́ǹbù lésà wó o lulẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ooru nìkan ni àwòrán yìí. Ní àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí irin àti ilẹ̀ bá gbóná dọ́gba, nǹkan lè pòórá pátápátá lójú rẹ̀. Ìkùukùu náà a máa dí lésà lọ́nà: nínú ogun Kosovo ní Yúróòpù ní 1999, bàálù NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ń gbé bọ́ǹbù padà sílé nítorí rẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi wá ń da lésà pọ̀ mọ́ GPS, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí nǹkan wà, nínú bọ́ǹbù kan ṣoṣo.

Àtúnṣe dáadáa nìyẹn, àmọ́ kò kan ohun tó ń dùn mí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọmọ ogun àti ti ọkọ̀ ẹni tó ń sá fún ogun, bákan náà ni wọ́n ń gbóná. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1999, nítòsí ìlú Gjakova ní Kosovo, láti òkè réré ni bàálù NATO ti ju bọ́ǹbù lésà lu ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n rò pé ti ológun ni. Àwọn tó ń sá kúrò nílé wọn ló wà nínú rẹ̀, àwọn míì lórí katakata. Àwọn tó kú lé ní 70.