Ẹni tí kò wá sí ilé ìlera ni iṣẹ́ wa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ìlera alábọ́dé, yálà Ọ̀fà lẹ ti kàwé jáde tàbí Ìlọrin, abẹ́rẹ́ àjẹsára, aláboyún àti ibà ọmọdé lẹ máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù Kwara tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń gbé mi lọ́kàn sókè jù ni àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn jọ ń bá fínra. Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, a ó wọn ìfúnpá wọn, a ó fún wọn lóògùn, a ò sì ní rí wọn mọ́. Ìgbà tí a bá tún fi máa gbúròó wọn, rọpárọsẹ̀ ti dé.

Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yín ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tí ẹ ò rí ni kí ẹ máa wá.

Ẹ ò lè mọ ẹni tí kò wá bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbì kan. Rẹ́jísítà ojoojúmọ́ ń ka àwọn tó wá ni. Kò ní sọ fún yín pé ìyá kan ní Òró yẹ kó ti padà wá gba oògùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún wọn: orúkọ, agbo ilé, nọ́ńbà ọmọ tàbí aládùúgbò, àìsàn, oògùn, ọjọ́ tí wọ́n máa padà, àti orúkọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí aláìsàn náà wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Aláìsàn tó jẹ́ ti gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń pè é. Kí ẹ ṣí ìwé yìí lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kí ẹ pe ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Bí fóònù kò bá lọ, ẹ lọ bá a nílé.

Ẹ ò lè tẹ̀ lé gbogbo èèyàn délé, torí náà yíyan ẹni tí ẹ máa tẹ̀ lé ló le jù. Ní Camden, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, dókítà Jeffrey Brenner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan àwọn tó ń wọ ilé ìwòsàn léraléra, wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn máa tẹ̀ lé wọn délé. Òkìkí iṣẹ́ náà kàn, torí àwọn aláìsàn náà kò wọ ilé ìwòsàn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá ṣẹ́ gègé, tí wọ́n pín èèyàn 800 sí ọ̀nà méjì, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé, ìdá 62.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà sílé ìwòsàn láàárín 180 ọjọ́. Nínú àwọn tí wọn kò tẹ̀ lé, ìdá 61.7. Ẹni tí a bá yàn nígbà tí ara rẹ̀ burú jù lọ, ó ṣeé ṣe kí ara náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àwa sì rò pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má dúró de ẹni tó ti ń gbé ọsibítù. Ẹ wo ẹni tó ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n tí àìsàn méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé lára rẹ̀, tó ń dá gbé, tí oògùn rẹ̀ ń tán láìwá gba òmíràn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nírọ̀lẹ́.

Ní Jámánì náà wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kéékèèké 115, pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 2,000. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ló ń bi aláìsàn léèrè, tí wọ́n ń bá a ṣètò, tí wọ́n sì ń pè é láti mọ bó ṣe ń ṣe sí. Nígbà tí èsì jáde ní 2016, iye ìgbà tí wọ́n ń wọ ilé ìwòsàn kò dín kù. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì, ayé rọ àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé lọ́rùn ju àwọn yòókù lọ. Èmi ka èyí sí èrè gidi. Bí ọ̀gá láti káńsù bá bi yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ẹni mélòó ni ẹ gbà lọ́wọ́ ọsibítù, ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì fi ohun tó yí padà hàn án: ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wá sábẹ́ 140/90, ẹni tó tún ń lọ sọ́jà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, kí ẹ sọ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo oògùn ilé yìí jáde.” Nínú ọ̀rá yẹn lẹ ti máa rí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ilé iṣẹ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìyá ń lo méjèèjì pọ̀, torí pé ọsibítù fún wọn ní ọ̀kan, kẹ́mísì ta èkejì fún wọn. Ẹ máa rí àgbo náà. Ẹ má bú wọn. Ẹni tí ẹ bá bú kò ní fi ohunkóhun hàn yín mọ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó oògùn, ẹni tó ń dáná, àti ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́ kí ara wọn lè ṣe. Bàbá tó bá ní òun fẹ́ lè rìn dé mọ́ṣáláṣí fún Jímọ̀ ti fún yín ní ohun tí ẹ jọ máa lé bá. Kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ̀ pé bí òun bá fi ju kílò méjì tẹ̀wọ̀n sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí òun ò lè sùn láìgbé orí sókè, kí òun pè yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ẹ rí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Bí ẹ bá wà ní Ìlọrin tàbí àyíká rẹ̀, ẹ fi ààwẹ̀ Ràmàdáánì sínú ìwé yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti pe àwọn alátọ̀gbẹ yín jọ. Ẹni tó ń gba ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ glibenclamide, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nítorí náà dókítà ló gbọ́dọ̀ tún oògùn rẹ̀ tò. Dókítà lè pín metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, sí ìgbà ìṣínu àti ìgbà sààrì. Ẹ sọ fún wọn pé bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL tàbí tó kọjá 300 mg/dL, kí wọ́n ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló gbà pé gígún ìka láti wọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó sọ fún Alhaja pé kí wọ́n má gbààwẹ̀: ẹ lọ bá Alfa àdúgbò ṣáájú, torí Àlùkùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu Alfa wọn ló máa wọlé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹ má gbàgbé wọn.

Ti owó, kúkúrú ni mo máa sọ. Ní Ṣọ́ngà ni adójútòfò ìlera ti àwọn ará abúlé ti bẹ̀rẹ̀ ní Kwara ní 2007. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé níbi tí ètò náà dé, nọ́ńbà òkè ìfúnpá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi nǹkan bíi 10 wálẹ̀; níbi tí kò dé, nǹkan bíi 5. Ẹ bá aláìsàn yín forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera tó bá wà lágbègbè yín kí ẹ tó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi ra oògùn.

Káńsù á gbé yín lọ síbòmíràn lọ́jọ́ kan, ìwé ìgbésípò kì í sì í pẹ́ dé. Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ẹni tó gbapò yín dání káàkiri ilé àwọn tó wà nínú ìwé náà, kó mọ ojú ọ̀nà, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀, kó sì gba nọ́ńbà àwọn ọmọ wọn sínú fóònù tirẹ̀.